Ṣọ́ọ̀bù Tó Wà Láàárín Híkìsìn àti Násífù

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú relùwéè ní Òṣogbo nígbà náà, nǹkan bí ọdún 1954, tó sì kọjú sí ọ̀nà Sítéṣọ̀n, ohun mẹ́ta ni yóò rí tí wọ́n fara ti ara wọn. Ọ̀kan ni sítọ́ọ̀ Híkìsìn àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀, ilé funfun gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń ta iyọ̀, àdá, kẹ̀kẹ́, abọ́ tánganran, bàtà àti bisikíìtì inú agolo. Kò sẹ́ni tó rí Híkìsìn rí ní Òṣogbo, kò sì sẹ́ni tó rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò bá wọn bínú. Wọ́n ní ẹni tó bá bímọ púpọ̀ kì í ráyè rìnrìn àjò. Ní ọwọ́ kejì ni sítọ́ọ̀ Násífù, ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tí àwọn èèyàn ń pè ní Kòráà, ẹni tó ń ta gbogbo ohun tí Híkìsìn ń tà, tó sì máa ń yọ tọ́rọ́ kan kúrò nínú iye rẹ̀ kí ọkàn Híkìsìn má bàa balẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, bí ẹran tó há sáàárín eyín, ni ṣọ́ọ̀bù Dúróoríkẹ́ Ògúnbùnmi wà.

Ẹran tó há sáàárín eyín kì í tóbi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó má jẹ́ kí ẹlẹ́nu sinmi.

Bàbá Dúróoríkẹ́ ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ Iperindo ni Ògúnbùnmi, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń walẹ̀ wá wúrà, ṣùgbọ́n òun ní òun kò lè máa fi ìgbésí ayé òun bẹ ilẹ̀. Èèyàn lòun yóò máa bẹ̀, torí èèyàn a máa dáhùn. Ó di aṣọ sórí, ó di Òṣómàáló. Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣòwò náà ni pé wọn a gbé aṣọ lọ bá ará oko nínú oko rẹ̀, wọn a ní kó máa lò ó lọ, wọn a sì padà wá gba owó nígbà ìkórè. Bí onítọ̀hún bá ní kí wọ́n padà wá lọ́la, wọn kì í jà. Wọn a kàn lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Ẹni tí Òṣómàáló bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ògúnbùnmi bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n Silas tó bí lọ sí ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ó di tíṣà, kò sì fẹ́ kí ṣòkòtò òun ká mọ́ orúnkún. Dúróoríkẹ́ ló ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kiri. Nígbà tó wà ní kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó sì jọ pé ó gba ẹ̀bẹ̀ náà ju bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní òṣó líló bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù.

"Má jókòó," ni bàbá wí. "Ẹni tó bá jókòó ti di àlejò, àlejò kì í sì í sin gbèsè. Má jẹ, má mu. Má sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bú onígbèsè ti sọ ọ́ di ìjà, ìjà sì ní àwọn tí í là á. Ta ní í la gbèsè?"

Àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Òṣogbo sọ fún un pé obìnrin kì í ṣe Òṣómàáló. Ó bi wọ́n pé ṣé orúnkún tiwọn ń ṣẹ́ sẹ́yìn ni. Láti ìgbà náà, wọn kò bá a jiyàn mọ́, wọ́n kàn ń kí i.

Nígbà tí bàbá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílé rẹ̀ ní Òṣogbo, pàǹtí àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀. Híkìsìn dé lẹ́yìn ogun Hitler, inú yàrá kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀. Násífù ti wà ṣáájú rẹ̀, ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ìlẹ̀kẹ̀ kiri, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé tí wọ́n bá ń bú u lọ́jà, òun ló máa ń bá wọn tún un ṣe. Nígbà tí Híkìsìn fi gíláàsì sí fèrèsé kan, Násífù fi sí méjì. Híkìsìn gbé ère obìnrin òyìnbó kan wá láti Èkó, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì gbé e dúró sínú gíláàsì. Raliat tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní iwájú ibẹ̀ kí i láàárọ̀ kùtù, kò dá a lóhùn, Raliat ní ìwà àwọn òyìnbó ti bàjẹ́. Násífù náà ránṣẹ́ ra tirẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kan já nínú relùwéè. Ó fi gèlè wé èjìká rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe fáàrí ní Bèírútù nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọge Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè wé èjìká.

Nígbà tó yá, kò sí ibi tí àwọn méjèèjì tún lè gbòòrò sí mọ́ àfi àárín. Máníjà Híkìsìn, Mísítà Kólìsì, òyìnbó gíga kan tó máa ń tẹ̀ bí igi ọ̀pẹ tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, fi owó lọ Dúróoríkẹ́. Násífù fi owó lọ̀ ọ́, ó tún fi ṣọ́ọ̀bù mìíràn kún un ní ẹ̀yìn ọjà. Dúróoríkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì tún ilẹ̀kùn rẹ̀ kùn ní ọ̀dà tuntun.

Ọ̀rọ̀ pátákó ló wá dé.

Ọdún tí kọ́kọ́ gbówó lórí yẹn, Híkìsìn kọ́ òkè sórí sítọ́ọ̀ rẹ̀. Kólìsì wá gbé pátákó gàgàrà kan kọ́ síwájú, kí orúkọ Híkìsìn àti gbogbo ọmọ rẹ̀ lè gba ibẹ̀. Pátákó náà gùn ju ògiri rẹ̀ lọ, ó na orí kọjá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Dúróoríkẹ́. Násífù rí i, kò jẹun ọ̀sán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun náà ti na tirẹ̀ wá láti ọwọ́ kejì. Àwọn pátákó méjèèjì pàdé lórí ìloro Dúróoríkẹ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ bí ìbòrí ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gangan di ìrọ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Aṣọ àrán àti dàmáàsìkì ni Dúróoríkẹ́ ń tà. Obìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ará Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀ṣà, kì í ra àrán láì gbé e jáde sí oòrùn. Yóò tẹ́ ẹ sórí apá, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gba ojú rẹ̀ lọ, yóò gbà á bọ̀, kó tó sọ pé èló ni. Àrán tí a kò rí nínú oòrùn, a kò tíì rí i. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ rí oòrùn ní láti gbé aṣọ dé àárín títì, níbi tí lọ́rì kọ́kọ́ ti ń da eruku pupa sí gbogbo ayé. Obìnrin kan láti Òṣú ra èyí tó rò pé ó dúdú bí aró, nígbà tó délé, àwọ̀ ewé ló rí. Ó dá a padà, ọ̀rọ̀ tó sì fi dì í wúwo ju aṣọ náà lọ.

Dúróoríkẹ́ lọ bá Kólìsì. Amos, àgbà akọ̀wé Híkìsìn, ló ń gbufọ̀. Ọmọlúwàbí ni Amos, ó máa ń dojú bolẹ̀ tó bá fẹ́ parọ́.

"Máníjà ní kí ẹ padà wá lọ́la, mà."

Ó lọ bá Násífù. Násífù ní kí wọ́n gbé àga fún Màmá.

"Màmá, òkè kì í ṣe ti èmi tàbí ti Híkìsìn," ni Násífù wí. "Ọlọ́run ló ni òkè. Àmọ́ tí Híkìsìn bá yọ tirẹ̀, kíá ni màá yọ tèmi."

"Tí kò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ló sá nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sá lójú Òṣogbo?"

Bí ọ̀la ṣe ń gorí ọ̀la nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ń dákẹ́ sí i. Silas bá wọ lọ́rì wá láti Iléṣà pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó jókòó sínú òkùnkùn náà, ó ń fọwọ́ wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹbí ti fẹnu kò," ló wí. "Bí ọjà ò bá yí padà kó tó di Kérésìmesì, ẹ jẹ́ ká ta ibí fún Híkìsìn. Owó tí wọ́n ń pè dáa. Ẹ óò padà wá sílé, ẹ óò sinmi."

"Sinmi? Àárẹ̀ wo lo bá mi rí?"

"Bàbá ti kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ayé òṣó líló ti lọ. Ayé sítọ́ọ̀ la wà yìí."

Dúróoríkẹ́ dìde. Ó bu omi fún un, ó sì bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Bí wọ́n bá ta ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó fi rin gbogbo ilẹ̀ oko náà, lásán ló rìn ín.

Bí Kérésìmesì ṣe ń sún mọ́lé, Kólìsì fẹ́ ṣí òkè tuntun. Ó ti kíyè sí i pé ẹ̀rù sítọ́ọ̀ ń ba àwọn ará oko. Wọ́n rò pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rà. Ó wá ní kí Amos gun lọ́rì pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Amos kéde dé Òṣú, ó kéde dé Ìdó-Ọ̀ṣun, ó wá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Dúróoríkẹ́ kọjá, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti àlùfáà:

"Ẹ wá sí Híkìsìn! Ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò títí tí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn! Kò di dandan kí ẹ rà! Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín!"

Dúróoríkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yíjú sí Raliat.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Amos wí?"

"Wàláì, mo gbọ́. Kí lo fẹ́ lọ rà níbẹ̀? Ìṣáná? Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ kì í rídìí ìṣáná, tí ẹ ti ń múná láti ilé roko."

"Mi ò ra nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ yẹ nǹkan wò títí tí yóò fi tẹ́ mi lọ́rùn."

Raliat wò ó lókè délẹ̀. Ó ti mọ obìnrin náà pẹ́. "Súbúhánà! Ta ló kù tí yóò bẹ̀ ọ́?"

"Wọ́n ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ni Dúróoríkẹ́ wí, ó sì wọlé lọ yan ìró tí kì í yọ nídìí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òkè tuntun náà, èrò pọ̀ bí eéṣú. Àwọn àgbẹ̀ olówó kọ́kọ́ gbé ìyàwó wọn wá, àwọn tíṣà wá, àwọn òṣìṣẹ́ relùwéè wá. Dúróoríkẹ́ wọlé pẹ̀lú wọn. Ó kí gbogbo èèyàn. Ó rìn dé àárín gbọ̀ngàn gan-an, níbi tí wọ́n kó abọ́ tánganran jọ sí bí òkè. Ó mú abọ́ kan tí wọ́n ya òdòdó pupa sí nínú, ó ká ìró rẹ̀ jọ, ó sì lóṣòó.

Kólìsì ló kọ́kọ́ rí i. Ẹnì kan ti kọ́ ọ pé obìnrin Yorùbá máa ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé obìnrin tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbà, ó wá kí òun kú ìnáwó. Ó tẹ̀ bí ọ̀pẹ, ó fi ọwọ́ sí àyà, ó sì kí i ní Yorùbá tí Amos kọ́ ọ: "Ẹ dìde, mà. Ẹ ṣeun."

Dúróoríkẹ́ mi orí, kò dìde. Ó yí abọ́ náà sí apá kejì.

Kólìsì rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Dúróoríkẹ́ wo àga náà tìfẹ́tìfẹ́, ó ní àga tó dáa ni, kò sì jókòó. Wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wá pẹ̀lú bisikíìtì. Ó ní Ọlọ́run yóò bù kún wọn, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ kan láti Òṣú, bàbá arúgbó tó wọ bàtà tuntun tí ń ta á lẹ́sẹ̀, dúró sójú kan.

"Ẹ dákẹ́ ná," ló wí. "Ṣé kì í ṣe òṣó Òṣómàáló nìyẹn? Ọmọ Ògúnbùnmi kọ́ nìyí? Bàbá rẹ̀ ló irú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi, a ò lè gbàgbé."

"Nínú sítọ́ọ̀ òyìnbó?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Òun ni mo ń wí. Ilé tó tó báyìí, òun náà jẹ gbèsè?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gorí àtẹ̀gùn nìyẹn. Nígbà tó fi dé òkè, Híkìsìn ti jẹ gbèsè lọ́wọ́ gbogbo Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó fi padà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń sọ pé àwìn ni wọ́n fi kọ́ òkè náà, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Híkìsìn kò fi lè fojú kan ìlú. Àwọn tó ti mú ẹrù lọ́wọ́ rọra ń gbé e padà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rekọjá lórí ẹni tó lóṣòó kó wá lọ sanwó fún onígbèsè. Bí wọ́n bá kó ẹrù Híkìsìn lọ lọ́la torí gbèsè, ta ni yóò dá owó wọn padà? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbọ̀ngàn kún, owó kò wọlé.

Kólìsì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ajíbóyè tó wá, ọmọ Òṣogbo ni, ó ga, ó sì máa ń rorí kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ n lẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń yẹ abọ́ wò ni, ọmọ mi."

"Láti àárọ̀?"

"Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni. Bi Amos léèrè. Òun ló fi lọ́rì kéde rẹ̀ pé kò di dandan kí a rà, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní lé wa."

Gbogbo ilé yíjú sí Amos. Amos dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí irọ́ tó lè pa, torí gbogbo Òṣú ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ajíbóyè rorí títí. Ó ní, "Mísítà Amos, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé mo mọ òfin tó de olè, mo mọ èyí tó de ìjà. Mi ò tíì rí èyí tó de orúnkún." Ó kí Màmá, ó sì lọ wo ère obìnrin òyìnbó nínú gíláàsì.

Amos bá lóṣòó síwájú Dúróoríkẹ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Kí la jẹ yín?"

"Oòrùn."

"Mà?"

"Oòrùn lẹ jẹ mí, Amos." Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́. "Oòrùn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kí Híkìsìn tó bí àkọ́bí. Pátákó yín gbé e mì. Mo wá sin ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ó di ọ̀la. Mo tún wá, ẹ tún ní ó di ọ̀la. Mo ti wá bá ọ̀la nínú ilé rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀rín sọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bàbá Òṣú rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ bàtà.

Amos gbufọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ojú Kólìsì pọ́n. Ó sọ̀rọ̀ gígùn, Amos sì yí i padà ní kúkúrú: "Máníjà ní àwọn yóò yọ ọ́ lọ́la."

Dúróoríkẹ́ fi abọ́ náà sílẹ̀, ó mú òmíràn tó tóbi jù ú lọ.

Orúnkún rẹ̀ ń jó o bí iná. Ó ti pẹ́ tó ti lóṣòó tó báyìí kẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi ìdí kan ilẹ̀ péré, gbogbo ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà ní Òṣogbo ni yóò gbọ́, Silas yóò sì kọ̀wé ìtura sí òun láti Iléṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òdòdó inú abọ́. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà láti ìdí.

Kólìsì wo gbọ̀ngàn rẹ̀. Ó wo àwọn àgbẹ̀ tó di owó kọ́kọ́ mọ́ agbádá tí wọn kò fẹ́ tú u. Ó wo àwọn ìyàwó wọn tó ti ń wo ọ̀nà Násífù. Èyí tó wo kẹ́yìn yìí ló mú un jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé Òṣogbo, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Dúróoríkẹ́, ó gbójú sókè, òkùnkùn ló sì rí. Nígbà tó padà wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún Amos.

"Àkàbà!" ni Amos kígbe. "Ẹ gbé àkàbà wá, ẹ gbé ayùn wá!"

Dúróoríkẹ́ kò dìde. Òṣó ló wà tó fi gbọ́ ìró ayùn, òṣó náà ló wà tó fi gbọ́ tí pátákó já lulẹ̀ gbàgà, tí èrò ìta hó yèè. Ìgbà náà ló tó gbé abọ́ padà sáyè rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún kọ̀ kọ̀ bí igi gbígbẹ. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ọjà yín dáa. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni."

Ó jáde. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò yà síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Násífù ló kọjú sí, gbogbo èrò Híkìsìn sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Násífù tó ti ń rẹ́rìn-ín sí Híkìsìn láti àárọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i tó ń bọ̀. Ó rí i tó dúró. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sí ìró láti ká a jọ.

"Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúnkún yẹn!" Ó yíjú sẹ́yìn, ó fi gbogbo ohùn kígbe: "Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí, ẹ ò rí Màmá ni? Àkàbà dà?"

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà tààrà, ó dé ibi àrán, ó dé ara ògiri ẹ̀yìn. Eruku tó ti bà lé wọn láti oṣù pípẹ́ hàn kedere, Raliat ní ojú tì í fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá Òṣú ló kọ́kọ́ rà. Ìyàwó rẹ̀ gbé àrán pupa kan síta, ó gba ojú rẹ̀ lọ, ó gbà á bọ̀, ó sì bèèrè pé èló ni. Dúróoríkẹ́ pè é ní iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.

Nígbà tí Silas dé fún Kérésìmesì, èrò ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró lẹ́yìn wọn títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rí i.

"Wá jókòó," ló wí fún un. "Ìwọ ni àlejò. Èmi, ilé mi ni mo wà."

Silas jókòó, kò sì dárúkọ títà mọ́.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Híkìsìn àti Násífù bá ìjà wọn lọ. Híkìsìn gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wá, Násífù gbé méjì wá, pátákó wọn kò sì kọjá ògiri wọn mọ́. Ní ti Amos, ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù sí i lára. Ní ọjọ́ kan, Dúróoríkẹ́ ń kọjá níwájú Híkìsìn, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Amos sáré jáde pẹ̀lú táì lẹ́yìn ọrùn.

"Màmá! Ṣé kò sí o? Ṣé a tún jẹ yín ni?"

Dúróoríkẹ́ rọra mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó gbọn ún, ó wo sítọ́ọ̀ náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé bí ẹni tó ń rántí nǹkan.

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, Amos," ló wí. "Bí mo bá rántí, màá wá bá yín."